Ẹ Ti Rẹ́gúláráìsì Mi Tán, Àbí Ó Kù?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń bá mi jà ní Vittin níbí, ní ìlú Tamale, lápá àríwá Ghana. Rẹ́gúláráìsì lorúkọ rẹ̀. Ẹ má rò pé fọ́málàìsì ni mo fẹ́ wí o. Ìyẹn ṣì mọ̀wàá hù: ẹ̀yin méjì ti jọ fẹnu kò, ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Lígáláìsì náà sàn díẹ̀, nítorí ìjọba ló ń fúnra rẹ̀ ṣe é ní ilé ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n rẹ́gúláráìsì! Ohun tó o ti ṣe tán, tí gbogbo àdúgbò jẹ́rìí sí, tó o ti ń jẹ èrè rẹ̀ tipẹ́, ni wọ́n á ní kó o lọ tún bẹ̀rẹ̀ kó tó lè di pé o ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ á wà ní yunifásítì títí, á ṣèdánwò, á yege, ìgbà tó bá yẹ kó lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ni JAMB á ní orúkọ rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ àwọn, àfi kó lọ rẹ́gúláráìsì. Ọmọ ti jáde o, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á wọlé.

Èmi, páàtì ọ̀kadà ni mò ń tà, àti ti yẹ́lò-yẹ́lò, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ń pè ní Márúwá l'Ékòó. Òfin ìdókòwò tí Ghana ṣe lọ́dún 2013, Act 865, sọ pé àjèjì bíi tèmi ò gbọdọ̀ tajà lọ́jà, kò gbọdọ̀ kiri, kò sì gbọdọ̀ ní ìsọ̀ tó ti ń tajà níbikíbi. Kò gbọdọ̀ ṣí ilé onígbàjámọ̀, kò gbọdọ̀ ṣe omi inú ọ̀rá, kódà ìwé tí ọmọdé fi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, kò gbọdọ̀ ṣe é. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò, kó mú mílíọ̀nù dọ́là kan wá, kó sì gba ọmọ Ghana 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Mo wo ìsọ̀ mi yíká. Ogún ènìyàn ò lè dúró níbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá gun ara wọn lórí.

Bí ìsọ̀ ṣe di ti Ìyá Ràṣídì nìyẹn. Ọmọ Dagomba ni, onílẹ̀ ni. Èmi tí mo ń jẹ́ ọ̀gá di ọmọṣẹ́ ìyàwó mi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú.

Ọmọṣẹ́ àjèjì gbọdọ̀ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Mo sọ pé ọkọ ọmọ ilẹ̀ ni mí, ó yẹ kí wọ́n fojú àna wò mí. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìgbéyàwó wá. Ìwé kẹ̀? Yìgì la so! Lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, obì wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ mi débi tí n ò lè gbàgbé. Akọ̀wé tí mo bá ní ọ́fíìsì kan, ọmọdékùnrin lásán-làsàn, ṣàlàyé fún mi pé òfin wà tí òyìnbó ti ṣe láti 1907, pé kí Mùsùlùmí tó bá so yìgì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan! Abọ́ tá a yá fún ìnáwó, a ò tíì dá a padà ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo nawọ́ sí àwọn ọmọ tí mo kó dání. Ó ní, “Alhaji, ọmọ kì í ṣe ìwé. Ẹ lọ kí ẹ bọ̀.” Ní Ghana níbí, bí wọ́n bá ti ní “lọ kí o bọ̀,” kó o yáa lọ wá nǹkan jẹ.

Káàdì Ghana tiwa àjèjì ńkọ́? 120 dọ́là nígbà àkọ́kọ́, 60 dọ́là láti sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún. ECOWAS ti fọwọ́ sí i láti 1979 pé a lè wọ ìlú ara wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Títí di àádọ́rùn-ún, ọmọ ìyá ni wá. Bí ilẹ̀ ọjọ́ 91 bá ti mọ́, ó di rẹ́gúláráìsì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ ojúlé wa tipẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré: kó gbàwé, tàbí kó máa lọ. Àwọn bàbá wa láti Ìgbòho, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ná ọjà Tamale látayé òyìnbó, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sìnkú síbẹ̀. Ta ló bi wọ́n léèrè ìwé rí? Ọ̀sẹ̀ méjì ò tó bàbá mi láti gba gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, ká má tíì sọ ti ọjà tó wà lórí àtẹ. Mi ò ní torí ẹ̀ bú Ghana ṣá o. Ìjọba Shagari ní Nàìjíríà náà lé tiwọn lóṣù kìíní 1983, ibẹ̀ la ti rí orúkọ “Ghana Must Go” sọ báàgì.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ìrìnnà ní Ghana lọ́dún 2012, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò gbọdọ̀ gbé èrò gbowó. Bẹ́ẹ̀ yẹ́lò-yẹ́lò ni gbogbo Tamale ń wọ̀ lọ sọ́jà, lọ sí mọ́sálásí. Ọ̀gá ìjọba tó wá sí ìsọ̀ wa wá wò ó bóyá mo ti rẹ́gúláráìsì, kí ló gbé e wá? Yẹ́lò-yẹ́lò. Ó ní kí awakọ̀ dúró de òun. Awakọ̀ yẹn sì ra púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi, àwìn.

Ìyá Ràṣídì ti wá mú iṣẹ́ ọ̀gá lọ́kùn-únkúndùn. Ó ra ìwé kan, ó ní kí n máa kọ aago tí mo bá dé sí i. Bí mo bá pẹ́, á ní, “Bàbá Ràṣídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fún yín ní kúẹ́rì.” Lópin oṣù, mo nawọ́ pé kó san owó mi. Ó rọra pa ìwé dé. Ó ní wọn kì í sanwó oṣù fún ẹni tí wọn ò tíì rẹ́gúláráìsì.