Ọ̀gá Alájá Òyìnbó

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gba àárín àwọn ilé tuntun tó ń hù lẹ́yìn Òṣogbo kọjá láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí géètì kan tó ga ju ilé tó ń ṣọ́ lọ. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí èèyàn ṣọ́ra fún ajá, bẹ́ẹ̀ ajá kankan kò tíì débẹ̀. Onílé jókòó sí fàráńdà nínú ṣòkòtò péńpé, ó tẹjú mọ́ fóònù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé bọ́ọ̀lù ló ń wò. Fídíò ajá ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Rottweiler wálé nígbà Kérésì, látìgbà náà ni ilé oníyàrá mẹ́rin yìí ti dà bí èyí tí kò parí lójú rẹ̀.

Kọ́ńtírátọ̀ kékeré ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ṣòwò l'Ékòó kó tó wá kọ́lé sí Òṣogbo torí pé olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni láti 1991. Iṣẹ́ lè yàtọ̀, ìwà kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ká pè é ní Ọ̀gá.

Kì í ṣe ajá nìkan ló wá sí i lọ́kàn. Ó kọ́kọ́ ro ológbò, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní òun kò lè bá ohun tí ojú rẹ̀ ń tàn lóru gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Ta ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ro ayékòótọ́. Ẹyẹ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó lọ́wọ́ àwọn apẹyẹ, débi pé láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de títà èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin yẹn kọ́ ló dá Ọ̀gá dúró o. Ẹyẹ tó ń tún gbogbo ohun tó bá gbọ́ sọ kò yẹ ilé ọkùnrin tó máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé kó tó gbé ìpè alẹ́. Ọ̀bọ ńkọ́? Àwọn tó ti dé Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, mọ̀ pé ọ̀bọ kì í dúpẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ajá ló kù. Ṣé irú àwọn tó wà nílẹ̀ ni, àwọn onírun kúkúrú, elétí ṣóńṣó, tó ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri Ọjà Ọba, tí gbogbo ayé ń pè ní Bingo? Ọ̀gá yínmú. Ajá wọ̀nyẹn ti bá wa gbé tipẹ́, oòrùn wa kò ṣàjèjì sí wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí ẹ̀jẹ̀ ajá Nàìjíríà tilẹ̀ rí àbùdá kan lára wọn tó jọ pé ó ń bá wọn dènà àwọn kòkòrò tí ń fa ibà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ya fọ́tò pẹ̀lú ajá tó jọ ti ìyá ẹlẹ́kọ?

Caucasian ló wù ú. Àwọn darandaran orí òkè Caucasus, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ló ń sin irú rẹ̀ kí ìkookò má bàa pa àgùntàn wọn jẹ. Bí kò bá rí i, kí wọ́n fún un ní Alsatian, èyí tí ọ̀gá ológun Jámánì kan, Max von Stephanitz, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ní 1899. Iṣẹ́ àgùntàn náà ló wà fún. Boerboel ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀ South Africa ló ń fi í ṣọ́ oko. Ọ̀gá kò ní oko, kò ní àgùntàn. Àgbò Iléyá aládùúgbò nìkan ló wà nítòsí, àgbò náà sì ní ìwo tirẹ̀. Caucasian tó wá rà yìí, bí oòrùn oṣù Kejì bá mú, ńṣe ló ń nà gbalaja sórí táìsì, tó ń yọ ahọ́n mí hẹlẹhẹlẹ, torí pé èémí ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára, kì í làágùn bíi tèèyàn.

Ẹni tó tà á ní ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Eyín rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní irọ́ ni. Ó kéré tán, ó yẹ kí ọmọ ajá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ bí ti ń kọ́ ọ pé bó bá gé ẹlòmíràn jẹ jù, eré parí nìyẹn. Èyí kò dúró gba ẹ̀kọ́ náà. Ìwé kan tí òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá, ó ní akọni ni bàbá bàbá rẹ̀ ní Moscow. Ọ̀gá kò béèrè ìyá ajá, kò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fojú rí i. Ìwé yẹn ló ní kí wọ́n bá òun fi sínú férémù.

Ó sọ ọ́ ní Commander. Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, orúkọ ajá kì í ṣe ti ajá nìkan. Ẹni tí aládùúgbò bá ṣẹ̀ a máa sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la tàbí Ojúlarí, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa pe ajá náà kíkankíkan títí ẹni tọ́rọ̀ kàn á fi gbọ́. Ajá ọdẹ inú àlọ́ pàápàá, orúkọ wọn ń ba ẹranko lẹ́rù kí wọ́n tó gbó: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ògbálẹ̀gbáràwé. Commander kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọdé àdúgbò ti ké e kù sí Kọ́mọ́.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ó dá Ọ̀gá lójú pé ajá tí ìran rẹ̀ ti Rọ́ṣíà wá kò lè gbọ́ Yorùbá. "Sit!" ló pariwo. Ajá wò ó. "Sit down!" Ajá tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì. Ọ̀gá gbá a létí, ó ti imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀ náà, bí ẹnìkan ṣe júwe rẹ̀ fún un níbi òde ìgbéyàwó.

Ìmọ̀ràn òde ìgbéyàwó ni lóòótọ́. Àpòòtọ̀ ọmọ ajá kéré. Èyí tó bá jẹ́ ọmọ oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí méjì lọ. Bó bá jí, bó bá jẹun tán, bó bá ṣeré tán, ńṣe ni kí wọ́n tètè gbé e síta sí ojú kan náà, kó tọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n fún un ní ẹran bín-ín-tín. Lójú ẹsẹ̀ ni o, torí bí ìyìn bá fi lè pẹ́ díẹ̀, ajá kò mọ ohun tí wọ́n ń yìn ín fún mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyà. Ajá tí wọ́n nà lágogo márùn-ún nítorí ìtọ̀ agogo mẹ́ta, ohun kan ṣoṣo tó kọ́ ni pé èèyàn yìí kò ṣeé sún mọ́.

"Dádì, ẹ wá wo ajá yín o, ó ti tún yàgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì!" Dádì ti jáde. Bí àlejò bá wà nílé, ti Ọ̀gá ni ajá; bí àlejò bá lọ, ó di ti ìyàwó; bó bá yàgbẹ́, ó di ti mẹ́gáàdì.

Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n dè é mọ́ ìdí táńkì omi lẹ́yìnkùlé kó lè "burú". Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkíyèsí ọmọ ajá, kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 1965 pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkejìlá ni ọmọ ajá ti ń mọ èèyàn, tó ń mọ ohun tí kì í ṣe ewu. Àsìkò yẹn ló yẹ kó ti rí ọlọ́kadà, ọmọdé, arúgbó tó ń tẹ̀pá, àti onígángan. Commander rí ìdí táńkì. Nígbà tí wọ́n máa tú u, ó ti di ajá tó ń gbó ewé tó bá já bọ́, tó sì ń sá fún ewúrẹ́. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń gbó!" ni Ọ̀gá fi ń yangàn. Ẹ̀rù ló ń ba ajá.

Ọdẹ Ìjẹ̀ṣà ì bá fi rẹ́rìn-ín. Ní àwọn abúlé oko tó yí Iléṣà ká, ọdẹ tó mọṣẹ́ a máa wo ìyá kó tó gba ọmọ: ṣé ìyá ń lépa ẹran, àbí ìdí ààrò ló ń jókòó tì? Ọmọ ajá ń tẹ̀ lé àgbà ajá wọgbó, ó ń wo ohun tí àgbà ń ṣe, ó ń mọ fèrè ọdẹ, bí ẹran bá sì bọ́ sọ́wọ́, ó ń rí tirẹ̀ jẹ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka Scott àti Fuller níbẹ̀. Kì í tún ṣe pé Ìjẹ̀ṣà ń kẹ́ ajá kọjá ààlà o: ajá yìí kan náà ni ẹran Ògún, bí ọdún Ìwúde Ògún bá sì ti ń sún mọ́, ó yẹ kí ẹni tí ajá rẹ̀ sanra mọ ibi tó sùn.

Níbi abẹ́rẹ́ ni owó Ọ̀gá ti gbẹ. Ó ti ra ṣéènì, ó ti ra ìgbànú ọrùn aláwọ, ó ti ra abọ́ tí wọ́n kọ orúkọ sí. Dókítà ẹranko wá ní àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọn a sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́rin síra wọn títí ajá á fi pé bí oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá ní àwọn dókítà fẹ́ jẹun ni. Parvo kò gba àlàyé yẹn. Kòkòrò yìí, tí ayé kò mọ̀ kó tó di nǹkan bí 1978 tó fi tàn ká gbogbo àgbáyé, a máa fa èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ tí alárùn bá yàgbẹ́ sí. Nígbà tó mú Commander, mẹ́gáàdì bu epo pupa sí ajá lẹ́nu, oògùn gbogbo-ǹ-ṣe wa. Omi tí dókítà fà sí i lára ló gbà á là, owó rẹ̀ sì ju ti gbogbo abẹ́rẹ́ tó kọ̀ lọ dáadáa.

Ti dìgbòlugi tilẹ̀ burú jù, torí òun kì í dúró lára ajá. Àwọn onímọ̀ ìlera ṣírò rẹ̀ pé ó ń pa tó 59,000 èèyàn lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ jù sí, ajá ló sì ń kó o ran wọn ní ọ̀nà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbátan rẹ̀ kan ń jẹ́ Mokola nínú ìwé onímọ̀ jákèjádò ayé, torí pé Mókólá n'Ìbàdàn ni wọ́n ti rí i lára asín ní 1968. Òkìkí tí kò sí ará Ìbàdàn tó bẹ̀bẹ̀ fún un. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin kan tí ajá bù jẹ lábẹ́rẹ́ nílẹ̀ Faransé ni ọ̀nà àbáyọ ti wà fún dìgbòlugi. Nílẹ̀ wa níbí, ilé ìwádìí ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ní 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ ti ajá. Bí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, kó gbà á. Kó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì forí lé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí àìsàn náà bá ti yọjú, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìgbà tí Commander bu ọmọ aládùúgbò jẹ lẹ́sẹ̀ ni Ọ̀gá tó gbọ́ gbogbo èyí. Àáfà, bàbá ọmọ náà, kò jà, kò pariwo. Ó gbé ìwé owó abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ wá, ó lóṣòó síwájú ilé, ó ní òun kò yára. Ọgbọ́n tí àwọn baba Ọ̀gá fúnra wọn fi gba owó aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, tí wọ́n fi ń pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló. Ọ̀gá sanwó kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá rẹ̀ ti Iléṣà dé láti wá kí wọn. Màmá kò mọ fídíò kankan. Ìdájí ló ń jí, ó ń ṣílẹ̀kùn, ajá ń tẹ̀ lé e dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bó bá tọ̀ tán, ó ń ju ẹja gbígbẹ bín-ín-tín sí i. Bó bá fẹ́ kó wọlé, "Ulé!" ló ń wí, ajá á wọlé. Bó bá gbé abọ́ dání, á ní kó jókòó ná, ajá á sì fìdí kalẹ̀ kí abọ́ tó kanlẹ̀. Kò lù ú rí. Kò sì fún un lóúnjẹ rí kó tó jókòó.

"Màámi, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ máa sọ sí i o."

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló ń fún un lóúnjẹ?"

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wá ṣèpàdé nílé wọn, Ọ̀gá dìde láàárín pálọ̀, ó na ìka sí ajá. "Commander, sit!" Ajá yíjú sí Màmá. "Sit!" Ajá ṣì ń wo Màmá. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀gúsí tó ń bó. "Jókòó, ọmọ mi." Ajá jókòó. Ọ̀gá náà jókòó.

Nígbà tí Màmá ń padà lọ, ajá ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Ọ̀gá ṣe bí ẹni pé òun ló yọ̀ǹda rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ Iléṣà yóò bá a lára mu. Wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé ìyá àgbà dé Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ó ń jẹ iyán àjẹkù, inú yàrá Màmá ló sì ń sùn ní gbogbo àsìkò Ìwúde.

Ọ̀kín ni Ọ̀gá ń wá rà báyìí. Ó rí méjì nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan l'Abújá. Ó ní ọ̀kín kì í géni jẹ, kì í tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ẹyẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀sán ló rí wọn, wọ́n ti jẹun yó, wọ́n dákẹ́. Kò tíì gbọ́ bí ọ̀kín ṣe ń ké ní ìdájí.