Ọ̀kẹ́rẹ́ Ń Wòran

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Kò sí àní-àní pé ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ló kọ́kọ́ pa òwe yìí. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Iléṣà dé Àkúrẹ́, tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà, tó yà sí abà olóko, tó bá wọn jẹ iṣu sísun, ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun rí, ká gbà á gbọ́. Àwọn baba wa ò lálàá rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ wọn yóò rìn jìnnà láìgbé ẹsẹ̀, tí yóò jókòó sínú yàrá tútù tó ní táyà mẹ́rin, tí yóò la igbó kọjá, tí yóò la odò kọjá, tí yóò yí òkè po, tí yóò sì padà délé láìrí nǹkan kan ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Ẹ wo àwọn tí ọwọ́ wọ́n bá ẹnu díẹ̀ l'Ékòó. Tí ìsinmi Ọjọ́ Òmìnira bá ti bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, wọn a ní ó tó àsìkò kí àwọn ọmọ mọ ilẹ̀ baba wọn. Àwọn ọmọ tí à ń wí yìí ti gun ilé gogoro ní Dubai, wọn ò tíì tẹ Ìdànrè rí. Èrò náà dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Ẹ jẹ́ ká pe baálé ilé ní Dádì, ká pe ìyàwó ní Mọ́mì, nítorí bí àwọn ọmọ ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, àti pé ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò yín wà nínú wọn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Wọ́n tún mú ìyá Dádì dání, kì í ṣe torí kí ó lè gbafẹ́, torí ọmọ ọwọ́ ni.

Orí fóònù Dádì ni ètò ìrìn-àjò náà wà: Ọlúmọ l'Ábẹ́òkúta, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi gbígbóná Ìkógòsì, òkè Ìdànrè. Gbogbo rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé débẹ̀ lọ́dún 1830 fi abẹ́ Ọlúmọ ṣe ibi ààbò, wọ́n sì dúró dìlú. Ogójì ìṣẹ́jú ni Dádì yà sọ́tọ̀ fún un, pẹ̀lú ìtọ̀.

Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti tẹ orúkọ ìdílé sẹ́yìn ẹ̀wù ọlọ́rùn róbótó fún tọmọdé tàgbà, bí ẹni tó ń lọ síbi òkú àgbà. Kúlà ìrẹsì méjì, kúlà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré, sípíkà ńlá. Wọ́n kó oúnjẹ lọ sójú ọ̀nà tó jẹ́ pé oúnjẹ ló fi ń yangàn. Nígbà tí wọ́n dé Ìkirè, àwọn obìnrin gbé dòdò Ìkirè sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún mọ́ ata, tí wọ́n dín títí tó fi dúdú. Mọ́mì kàn fọwọ́ júwe láti inú gíláàsì pé rárá. Ìyá Àgbà sọ fún Dádì pé, "Àkànní, dúró díẹ̀ o, mo fẹ́ ra nǹkan." Àkànní ò dúró. Ó ní máàpù ti ń pupa níwájú, àwọn ò gbọdọ̀ pẹ́.

Ní ti gíláàsì tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀ yẹn, mi ò bá wọn wí. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà àná mọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé ló ń ṣí fèrèsé sí gbogbo ohùn. Ohun tó ń dùn mí ni aṣọ dúdú tí wọ́n tún ta sí gíláàsì ẹ̀yìn nítorí oòrùn, àti fídíò tí wọ́n gbé síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọjọ́ kan, ọkọ̀ yẹn ti fi ilẹ̀ ọ̀sà sílẹ̀, ó ti gba àárín àpáta Ẹ̀gbá kọjá, ó ti rí ọ̀pẹ títí ọ̀pẹ fi sú u, ó ti ń wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbi tí òkè ti ń dìde lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ nìkan ló rí i. Àwọn ọmọ ń wo ẹja olóhùn èèyàn kan tó ń kọrin lábẹ́ òkun Amẹ́ríkà.

L'Ábẹ́òkúta, wọ́n gun Ọlúmọ dé góńgó. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí páànù ìlú tó ti dógùn-ún lọ́ súà, yóò rí odò Ògùn tó ń dán láàrin wọn. Dádì gbé fóònù sókè, ó yípo lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé ó ń wo ìlú. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń wá.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ di méjì. Igbó Ọ̀ṣun ni wọ́n dé, igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé lọ́dún 2005. Obìnrin kan tí wọ́n bí sílẹ̀ Austria, Susanne Wenger, tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wà lára àwọn tó dúró gbọn-in kí wọ́n má baà gé igi ibẹ̀ tán, kí wọ́n má sì ta ilẹ̀ rẹ̀. Òṣogbo náà ló kú sí ní 2009. Mọ́mì ní òun ò ní wọ igbó òrìṣà, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni òun fi bo ara òun. Àmọ́ ẹnubodè rẹwà, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ sì bá àwọ̀ ẹ̀wù wọn mu. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ya fọ́tò, ó pààrọ̀ dúkù, ó tún yà. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé àṣà wa, ìwúrí wa. Ọ̀bọ kan wà lórí ògiri níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà, kò ṣíjú kúrò lára wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀bọ yẹn.

Erin-Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́ jókòó tì díẹ̀. Omi Olúmirin kì í ṣe omi kan tó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpele méje ló ní, ọ̀kan lórí èkejì, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ di gbòǹgbò igi mú, kó fi orúnkún tẹ àpáta, kó máa gùn. Ọ̀pọ̀ ò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Wọn ò nílò rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, tí o bá dúró lókè díẹ̀ tó o wo ìsàlẹ̀, wàá rí nǹkan tó yani lẹ́nu: gbogbo èèyàn tó wá wo omi ló kẹ̀yìn sí omi. Wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n na ọwọ́ kan síwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wo fóònù bóyá ẹ̀rín náà dáa, kò dáa, wọ́n tún un rín. Omi ń já gbàgàdà lẹ́yìn wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ, nítorí sípíkà Dádì ń lu orin tó wà ní gbogbo ilé ọtí Èkó. Ẹni tó ń mú wọn kiri sọ fún Dádì pé tí wọ́n bá gùn ún tán pátápátá, ilẹ̀ títẹ́jú wà lókè, atẹ́gùn ibẹ̀ yàtọ̀. Dádì bi í bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lókè ọ̀hún. Ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ká ní ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà lórí igi tó ṣíji bo ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rìn jìnnà. Kò san owó ẹnubodè. Kò ra epo bẹntiróòlù lówó òkè. Ó kàn jókòó sórí ẹ̀ka tí wọ́n bí i sí, ó sì rí abuké tó tó ogójì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọrùn wọn tẹ̀, èjìká wọn ká wọnú, àgbọ̀n wọn lẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò họ gíláàsì kékeré. Yóò padà sílé lọ ròyìn fún ìyàwó. Ìyàwó rẹ̀ ò ní gbà á gbọ́, yóò ní irọ́ ni, pé kò sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nínú igbó wa. Òwe àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ lónìí, bí wọ́n bá ń pa òwe, ti yàtọ̀ sí tiwa: jókòó sílé rẹ, àwọn abuké ń bọ̀.

Ìkógòsì ò gbà wọ́n ní wákàtí kan. Omi gbígbóná ń ṣàn bọ̀ lápá kan, omi tútù ń ṣàn bọ̀ lápá kejì, wọ́n pàdé. Àwọn ọmọ ti ẹsẹ̀ kan bọ eléyìí, wọ́n ti ẹsẹ̀ kejì bọ tọ̀hún, Mọ́mì ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tún un tì bọ̀ ọ́, fídíò ò mú ti àkọ́kọ́ dáadáa.

Ìdànrè wá kù. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gòkè ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún ẹni tí èémí bá já. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè yẹn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ẹjọ́ ayé òyìnbó ṣì wà níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, èèyàn ń kú sórí òkè yẹn, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, wọ́n ń ru iṣu gùn ún. Dádì wọ aago tó ń ka ìṣísẹ̀. Ní ibi ìsinmi kejì, aago náà dún, ó kí i kú oríire pé ó ti rin iye tó yẹ kó rìn lóòjọ́. Dádì wo òkè, ó wo aago, ó yípadà. Aago ti ní ó tó. Ta ni òkè tí yóò ní kò tó? Àkọ́bí rẹ̀ fi ẹfun ya orúkọ ara rẹ̀ sára àpáta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn olólùfẹ́ tó ti kọ tiwọn pẹ̀lú ọ̀dà. Àwọn tó gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ò rántí kọ orúkọ wọn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ táyà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi Iléṣà sílẹ̀, kí wọ́n tó dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn. Wọ́n kó kúlà sílẹ̀, wọ́n kó jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó rí sípíà. Sípíà náà ò ní atẹ́gùn nínú. Iná fóònù ti fẹ́ tán. Fọkanáísà wà lẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti lọ sóko, wọ́n ní kí ọmọdé lọ pè é. Kò sí èyíkéyìí nínú èyí tó wà nínú ètò.

Iwájú ilé kan níbẹ̀ ni wọ́n sá kòkó sí, lórí ẹní ńlá. Òórùn rẹ̀ kan díẹ̀ nímú, bí kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń rùn. Ìyá Àgbà kí onílé, ó bọ́ bàtà, ó wọ àárín kòkó náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ọ lọ, wọ́ ọ bọ̀, kí oòrùn lè kan abẹ́ rẹ̀. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Mọ́mì ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín á dọ̀tí." Ìyá Àgbà ní, "Ẹsẹ̀ yìí ló san owó ilé ẹ̀kọ́ ọkọ rẹ."

Onílé fọ́ kòkó tútù kan fún àwọn ọmọ. Wọ́n rí hóró funfun tó tò gbọọrọ nínú rẹ̀, wọ́n lá a, ó dùn. Èyí àárín gé hóró náà jẹ, ó rí i pé inú rẹ̀ pọ́n bí elése àlùkò, ó korò dójú ikùn, ó tu ú dànù, ó tún mú òmíràn, kó lè tún un rí. Nígbà tí fọkanáísà dé, ó ri táyà bọ inú báàfù omi tó ti dúdú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, títí ìhó kéékèèké fi ń jáde lójú kan, pọ̀kọ̀, pọ̀kọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ ti báàfù. Ó fi ìka dí ojú ihò náà. Ìhó dáwọ́ dúró. Ó gbé ìka kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tí wọ́n wọlé, tíṣà ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kọ ohun tí wọ́n rí nígbà ìsinmi. Ọmọ yìí kọ ojú ìwé méjì. Kòkó ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sọ àwọ̀ inú rẹ̀, ó sọ bí ẹsẹ̀ Gíráńmà ṣe ń yí i, ó wá fi ojú ìwé kejì ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ ibi tí táyà ti ń jò. Ó fi ìwé náà han Dádì kó tó gbé e lọ. Dádì kà á títí, ojú rẹ̀ le.

"Ọlúmọ dà? Ìdànrè dà? Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo sanwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé torí fọkanáísà la ṣe jáde nílé?"

Ó ṣí Google fún un, ó dúró tì í. Ọmọ náà tún un kọ. Ó kọ ọ́ pé gíga Ọlúmọ jẹ́ mítà 137 sójú òkun, pé ìpele omi Erin-Ìjẹ̀ṣà jẹ́ méje, pé ibẹ̀ rẹwà gan-an. Tíṣà fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri.