Mo Ti Kọ́ Ilé Mi Parí O

Ẹni tó bá ti fi owó ara rẹ̀ kọ́lé rí nílẹ̀ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún ilé ṣì ní sùúrù ná, ọ̀rọ̀ yìí ò lè dùn yín bó ṣe dùn mí.

Ilé kíkọ́ tiwa kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Èèyàn á ra ilẹ̀, á fún àwọn ọmọ onílẹ̀ lówó, wọ́n á sì tún padà wá gba òmíràn torí pé ó ti fún wọn tẹ́lẹ̀. Á fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, owó á tán. Koríko á hù níbi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀, ewúrẹ́ àdúgbò á sì máa wá jẹun níbẹ̀ láàárọ̀. Bí ìjọba bá san lára owó oṣù tó jẹ sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù á gòkè díẹ̀. Bí àjọ bá kàn án, á ra páànù. Níbi tó bá ti ń mí sókè mí sódò, lánlọ́ọ̀dù á fowó kún owó ilé, òun àti ìyàwó á sì kó lọ sínú ilé wọn bó ṣe wà: kò sí síílìn, wọn ò tíì rẹ́ ògiri, gílóòbù kan ṣoṣo ń fi wáyà rọ̀ láàárín yàrá, àpò kòkó tí wọ́n là sí méjì ni kọ́tìnì. Pákó tí wọ́n fi da líńtẹ̀lì náà ni káfíńtà máa kàn pọ̀ di ibùsùn. Bí mo ṣe wọ ilé mi ní apá Mọníyà, n'Ìbàdàn, nìyẹn.

Ẹ fi gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yẹn sọ́kàn. A máa tó nílò wọn.

Díẹ̀díẹ̀ la bọ́ nínú rẹ̀. A rẹ́ ilé tinú tòde. A kan síílìn. A ra bẹ́ẹ̀dì gidi. Nígbà tó yá, a kùn ún ní ọ̀dà kíríìmù, irú èyí tí gbogbo ayé ń kùn. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà náà gbẹ, mo dúró sáàárín yàrá, mo fọwọ́ sẹ́yìn, mo wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí búlọ́ọ̀kù kankan tí mo lè kà mọ́. Ara mi balẹ̀. Mo di onílé tí kò jẹ ilé ní gbèsè kankan.

Àfi bí Ìyá Ìbejì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá àwọn ẹlòmíràn lórí Instagram. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá rí i tí ìyàwó yín dákẹ́ lọ gbári nídìí fóònù lóru, tó ń fi ìka méjì fa àwòrán kan kó lè tóbi, ẹ tètè lọ fi owó yín pamọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wo yàrá wa. Kò ní ìtumọ̀."

Mo ní ìtumọ̀ wo ló tún fẹ́? Oorun ni ìtumọ̀ yàrá.

Ó pe ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni, n ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó pè mí ní Dádì, ó ní kí n má dààmú, pé mo máa fẹ́ràn ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó káàdì ọ̀dà jáde, tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tó wà lórí káàdì yẹn, eérú ni. Eérú àárọ̀, eérú ọ̀sán, eérú tí ẹnì kan ta omi sí. Òun àti Ìyá Ìbejì wá ń jiyàn lórí méjì tí n ò lè dá mọ̀ bí ẹ bá yọ ìbọn sí mi. Ọ̀kan, wọ́n ní ó ní búlúù nínú. Ìkejì, wọ́n ní ó móoru.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀dà kó má di pé ẹ̀dùn ọkàn nìkan ni mo gbé wá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì. Àwọ̀ tó tẹ́jú nínú onígun mẹ́rin kékeré máa ń le sí i tó bá bo ògiri odindi. Ìmọ́lẹ̀ funfun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú gílóòbù pupa rúsúrúsú tó wà nílé yín, àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń gba fèrèsé wọlé. Ọ̀dà olómi sì sábà máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ. Ohun tó yẹ ni kéèyàn ra ìwọ̀nba díẹ̀, kó kùn ún sí ibi tó fẹ̀ lára ògiri, kó wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kó tó lọ gbé ike oní-lítà 20. Pẹ́ńtà wa mọ gbogbo èyí. Ẹ̀yìn ìgbà tó ṣí ike tán, tó bu omi lù ú ju bó ṣe yẹ lọ, ló tó sọ ọ́ fún mi, bí ẹni tó ń sọ àlá.

Ọ̀dà gbẹ. Mo wọlé. Mo wo ògiri.

Sìmẹ́ńtì ni.

N ò sọ pé ó fara jọ ọ́. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo wo fẹ́ǹsì tí a rẹ́ tí a ò tíì kùn, mo padà wọlé láti wo yàrá. Bákan náà ni wọ́n rí. Mo ti sanwó sìmẹ́ńtì tẹ́lẹ̀. Mo ti sanwó ọ̀dà kí sìmẹ́ńtì má bàa hàn síta. Mo wá tún sanwó ọ̀dà míì kí sìmẹ́ńtì lè padà hàn.

Ọmọ náà ní, "Dádì, ohun tó wà lóde báyìí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn."

Mo lọ wádìí òkè òkun. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀kan lára àwọn tó sọ ọ́ di nǹkan iyì ni Le Corbusier, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí sí Switzerland tó wá di ará Faransé. Ilé gàgàrà kan tó yà sí Marseille, tí wọ́n parí ní 1952, kọnkéré rẹ̀ wà níta gbangba báyìí, ẹ tún máa rí ipa pákó tí wọ́n fi dà á. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, irin wọ́n. Títí di òní làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rìnrìn àjò lọ wò ó. Èmi náà fi kọnkéré tèmi síta fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Mọníyà, irin sì wọ́n lọ́jà tèmi náà. Àwọn tó wá wò ó kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ìbátan ìyàwó mi ni wọ́n, wọ́n sì ń mi orí.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la dúró sí, ǹ bá ti gbà fún Ọlọ́run. Wọ́n tún ní ògiri tó wà níbi ìgbérí gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀, pé wọ́ọ̀lùpépà ló máa gbà á. Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Mo mọ̀ pé William Morris, gbajúmọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì nì, nígbà tó ya wọ́ọ̀lùpépà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1862, òdòdó rósì ló yà, ó gùn mọ́ igi ọgbà, ẹyẹ sì wà láàárín rẹ̀. Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Kò sí ẹyẹ tó lè rán mi létí gbèsè.

Ọmọ náà tú róòlù tó gbé wá. Bíríkì ló wà lára rẹ̀.

Bébà ni o, tí wọ́n ya ògiri bíríkì sí, èyí tí wọn ò rẹ́. Ẹni tó yà á ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ya sìmẹ́ńtì tó yọ ahọ́n láàárín bíríkì kan sí òmíràn. Ó ya ibi tí iyọ̀ ògiri ti jáde funfun-funfun. Ẹ wá wo ọ̀kan lápá òsì, lókè ibi tí mò ń gbórí lé, igun rẹ̀ ti kán. Mo bi í pé ta ló kán an. Ó ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni, kó lè dà bí òótọ́. Bíríkìlà tó bá kọ́ irú ògiri yẹn fún mi, mi ò ní san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ìṣirò rẹ̀ tún wá ńkọ́? Róòlù tó wọ́pọ̀ lọ́jà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 53, ó gùn ní mítà 10. Bí ògiri yín bá ga tó mítà 3, róòlù kan á fún yín ní ìlà mẹ́ta péré, èyí tó bá ṣẹ́kù ò wúlò fún nǹkan kan, torí àwòrán ìlà kan gbọ́dọ̀ bá ti ìkejì pàdé. Nọ́ńbà kan tún wà lára ike róòlù, tó ń sọ èyí tí wọ́n jọ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, àwọ̀ lè yàtọ̀. Ẹni tó wá lẹ̀ ẹ́ gé ìlà tó gbẹ̀yìn kúrú, wọ́n sáré lọ ra róòlù míì, kò sẹ́ni tó wo nọ́ńbà. Nítorí náà, bíríkì tó wà lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù pupa ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àní bébà tèmi pàápàá ti ní àfikún ilé tí wọ́n fi owó ọ̀tọ̀ kọ́.

Mo gbìyànjú láti fi ìmọ̀ borí. Lóru ọjọ́ kan mo kà á sí Ìyá Ìbejì létí pé ní 1775, Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ní Sweden, ṣe àwọ̀ ewé kan tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀, pé wọ́n fi irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ wọ́ọ̀lùpépà ní Yúróòpù, ó sì ń ṣe àwọn tó ń sùn sínú yàrá bẹ́ẹ̀ léṣe.

Ó ní, "Tiwa kì í ṣe àwọ̀ ewé." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn tí wọ́ọ̀lùpépà náà wù tọkàntọkàn ni ọmọnílé. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń ti ìsàlẹ̀ gun ògiri ilé wa bọ̀, gọ́ọ̀mù oníyẹ̀fun tí wọ́n fi lẹ bébà ò sì fẹ́ràn omi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí. Ọmọnílé kan wọ ẹ̀yìn bíríkì, ó pe ìyàwó rẹ̀, wọ́n yé ẹyin funfun méjì síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, màá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn bébà, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, gẹ́rẹ́ níbi etí mi. Nínú gbogbo àwa tó ń gbé yàrá yẹn, àwọn nìkan ni kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó lórí rẹ̀.

Ti iná àti bẹ́ẹ̀dì, n ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n yọ gílóòbù tó wà nínú síílìn, wọ́n fi wáyà gígùn so òmíràn rọ̀ sísàlẹ̀, kò sì wọ fìlà kankan. Owó rẹ̀ ju ti èyí tí wọ́n yọ lọ. Ìgbérí bẹ́ẹ̀dì, pákó tí wọn ò fá dán ni wọ́n tò síbẹ̀, ojú ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n fẹ́ da líńtẹ̀lì lórí mi ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Aṣọ ló wá dùn mí jù, torí ibi tí mo ti ní ìmọ̀ràn nìyẹn. Mo ní ṣebí àwa náà mọ nǹkan í ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ìyá tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè n'Ilé-Ifẹ̀, ara ògiri ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó tó máa rò pé owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí a ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdàn Dùn gan-an, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápò sí. Gbọ̀ngàn yẹn ti wà láti 1929, wọ́n kọ́ ọ parí, wọ́n sì rẹ́ ẹ. Òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan: bébi bá ń pani lóru, èèyàn á rí nǹkan wò. Ìyá Ìbejì ní aró máa ràn mọ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Mo ní kó ràn mọ́ èmi gan-an alára.

Wọn ò gbọ́. Kọ́tìnì tí wọ́n gbé wá, mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀, mo padà sẹ́yìn. Àpò kòkó! Òwú rẹ̀ le, ó ní kókó lára, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ni pé aṣọ dúdú nípọn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì tó ya àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀nà atẹ́gùn ni wọ́n ń wá kiri, wọ́n dá ihò sí ògiri lóríṣiríṣi kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ gba inú ilé kọjá. Ará òtútù ni wọ́n o, Ìbàdàn sì yé wọn. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ló wá ń làágùn lẹ́yìn aṣọ méjì nígbà tí wọ́n bá ti mú iná lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá láti Ìsẹ́yìn fún ìkómọjáde ní àdúgbò wa. Ó rẹ̀ wọ́n, a ní kí wọ́n lọ nà sórí bẹ́ẹ̀dì wa díẹ̀. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n jáde wẹ́rẹ́, wọ́n fà mí lápá lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì kí aya ilé má bàa gbọ́.

"Àkànní ọmọ mi, kí ló dé tí o ò sọ fún wa pé nǹkan ò rọgbọ?"

Mo ní, "Ìyá mi, nǹkan rọgbọ o."

"Má tan mí. Mo ti rí i. Wọ́n rẹ́ pálọ̀, wọ́n rẹ́ yàrá ọmọ, owó wá tán nígbà tó kan tiyín. Àpò kòkó lẹ ṣì ń lò!" Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n ka owó sí mi lọ́wọ́. "Fi ra àpò sìmẹ́ńtì kan, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbórí sí yẹn. Olúwa á bá ẹ parí ẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣe àmín, mo kó owó sápò. Ìyá Ìbejì ní kí n lọ dá a padà kíákíá, pé àbùkù ni. Mo ní sìmẹ́ńtì ni wọ́n ní kí n fi rà, sìmẹ́ńtì náà ni màá sì fi rà.