Ìtọ́jú Ló Pa Á

Dókítà Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí nínú ẹbí wa. Mi ò kọ́ṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo rí i pé wọn ò tíì kì í bọ iná, ni mo gboyè. Ta ni wọ́n á pè ní dókítà tí á ní òun kọ́? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó gbogbo àwòrán àti fídíò ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún Màmá wa fún mi pé kí n bá àwọn tọ́jú wọn, pẹ̀lú ohùn tí a gbà sílẹ̀ níbi tí Màmá ti ń ki oríkì ìdílé wa láti orí baba ńlá dé orí àbígbẹ̀yìn. Inú láàpútọ́ọ̀pù mi ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ lálẹ́. Mo ní ọmọńlé ni. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo wá a lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá a lẹ́yìn kọ́tínì, mo tilẹ̀ pa ọ̀kan tí kò ṣẹ̀ mí. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ ò dákẹ́. Ìgbà tí mo gbé etí lé láàpútọ́ọ̀pù ni mo tó mọ ibi tó ti ń wá.

Àwo tó ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ló wà nínú háàdì dísíìkì. Orí kékeré kan tó ń ka ohun tó wà lára àwo náà máa ń léfòó lókè rẹ̀ láì kàn án, àyè tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì kéré débi pé eruku lásán tóbi jù ú lọ. Bí orí yẹn bá wá ibi tó yẹ kó kà tì, á padà sẹ́yìn, á tún gbìyànjú. Ìpadàsẹ́yìn yẹn ni mo ń fi ìgbálẹ̀ lé kiri.

Dísíìkì náà tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Àwọn dísíìkì ní àkọsílẹ̀ ìlera tiwọn tí wọ́n ń pè ní SMART, níbi tí wọ́n ti ń ka iye ojú ibi tí kò ṣeé kà mọ́. Mo fi CrystalDiskInfo, ètò ọ̀fẹ́ kan, ṣí tèmi wò. Àwọ̀ yẹ́lò ló gbé jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni mí. Bí iná ojú títì bá di yẹ́lò, ṣe la máa ń sáré kọjá kó tó di pupa.

Mo pàṣẹ chkdsk /r, pé kí kọ̀ǹpútà yẹ dísíìkì náà wò, kó tún un ṣe. Àṣẹ yẹn dára fún dísíìkì tí ara rẹ̀ le, tí iná kàn lọ mọ́ lójijì. Àmọ́ ó máa ń ka gbogbo ojú ibi tó wà lórí àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ àṣekú sì nìyẹn fún dísíìkì tí orí rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Iná ọba lọ láàárín rẹ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi sì ti pẹ́ tó ti kú. Mo ra epo, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, fólídà Màmá ti pòórá. Èyí tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ́ found.000, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ FILE0000.CHK, FILE0001.CHK, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n ti sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Mi ò mikàn. Mo ní ẹ̀dà! Mo ti da gbogbo rẹ̀ kọ sí D. Mo ṣí D tìgbéraga-tìgbéraga, D náà ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Àṣé C àti D kì í ṣe dísíìkì méjì. Èmi fúnra mi ni mo pín ẹyọ kan sí méjì lọ́dún tí mo rà á, mo sì ti gbàgbé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ní kí n yọ ọ́, kí n gbé e sínú fíríìsà mọ́jú, pé irin máa ń súnkì bó bá tutù. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bó bá jáde bọ́ sínú ooru, omi á sẹ̀ sí i lára, ó sì lè sẹ̀ sórí àwo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Háàdì dísíìkì tí IBM kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1956 ní àwo 50, ìwọ̀n ẹ̀rọ náà sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Ká ní irú rẹ̀ ni tèmi ni, kì bá tí wọ fíríìsà. Tèmi wọ̀ ọ́. Mo fi ọ̀rá wé e, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja Titus.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀. “Dádì, ẹja wo ni kò lórí, tí kò nírù, tí wọ́n kọ 500GB sí lára?”

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí mo gbé e lọ fún nígbẹ̀yìn gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti ṣe fún un?” Mo rò ó fún un. Bí mo ṣe ń rò ó ló ń wolẹ̀. Ó ní ká ní mo ti paná rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, wàhálà ì bá má pọ̀ tó báyìí. Ètò kan tó ń jẹ́ ddrescue ló lò. Ó kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn láti kà sórí dísíìkì mìíràn, ó fi ibi tó bàjẹ́ sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, orí ẹ̀dà yẹn ló sì ti wá fáìlì, kò tún da dísíìkì tó ń kú láàmú mọ́. Ìdajì àgbádá jáde, ìkòkò ìrẹsì jáde, ẹsẹ̀ àwọn onílù jáde. Fídíò kan ṣoṣo tó jáde pé pérépéré ni èyí tí mo gbàgbé láti pa kámẹ́rà, tó ya ilẹ̀ nìkan.

Ó ní kí n mú ibi tí òun máa kó wọn sí wá. Mo lọ ra fúláàṣì 2TB nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní irú wọn máa ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà ni: 8GB lè máa jẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kó ní 2TB lòun. Á gba gbogbo ẹrù, orúkọ fáìlì á pé, ṣùgbọ́n bó bá ti kún, ìyókù ń dànù nìyẹn, olówó ò ní í mọ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣí i. Ó fi ètò kan tó ń jẹ́ H2testw kọ nǹkan kún un, ó kà á padà, àṣírí tú.

Ohùn Màmá kò sí nínú ohun tó rí kó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló yọ mí. Ó ti bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n fi ṣọwọ́ sóun lórí WhatsApp, mo sì kùn sí i nítorí dátà kí n tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó ṣe fíìmù Toy Story 2 ní Pixar náà kó sínú irú wàhálà yìí lọ́dún 1998. Àṣẹ kan ṣoṣo pa èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn rẹ́, ẹ̀dà ìpamọ́ wọn sì ti dẹnukọlẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀. Òṣìṣẹ́ wọn kan, Galyn Susman, tó bímọ tó ń ṣiṣẹ́ látilé, ni wọ́n bá ẹ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tù mí nínú pé ohun tó ṣe òpè ṣe ọlọ́gbọ́n.

Ní báyìí, ìlànà ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ni mò ń tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan má gbé inú ilé. Mo sì máa ń ṣí wọn wò.

Màmá ò mọ ohun tí gbogbo wa ń sáré sí. Ó ní ká gbé fóònù wá, ó sì tún oríkì náà kì látòkèdélẹ̀. Èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ìyàwó baba ńlá wa tí a ò gbọ́ orúkọ wọn rí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kó má baà da àwọn ọmọ rú. Mo ní nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò pa nǹkan kan rẹ́ mọ́.