Oorun Tèmi, Oorun Ọmọ Ajá

Àṣìṣe kan wà tí àwa tí a ń fi òru ṣiṣẹ́ máa ń ṣe nípa ọmọ ajá. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíì tó bá mi jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí èmi alára wà lára àwọn tó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìṣirò ni àṣìṣe náà. Ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú máa ń sùn tó wákàtí 18 sí 20 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Kò sí ẹni tó ti sin ajá rí tó máa jiyàn èyí. Èmi náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní òwúrọ̀, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Ajá ń sùn, èmi ń sùn, kí ló tún kù? A óò jọ na ara sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, bó bá sì di alẹ́, èmi á gba ibi iṣẹ́ lọ, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣọ́lé. Gbogbo ohun tó wà nínú ìṣirò yìí ló jóòótọ́, àfi èsì rẹ̀. Iye wákàtí tí ajá fi ń sùn kò ràn wá lọ́wọ́. Bí oorun náà ṣe gùn tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ ká wò. Ẹni tó bá sì wò ó dáadáa yóò rí i pé òṣìṣẹ́ òru tí kò ní ẹni tí ojú rẹ̀ là nílé lọ́sàn-án kò tíì lè sọ pé òun ní ọmọ ajá, bó ti wù kí ó san owó rẹ̀ tó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa òṣìṣẹ́ òru kò pọ̀ ní ìgbèríko. Àlejò tó bá gba Tatonnonkon kọjá ní aago 9 alẹ́ lè búra pé gbogbo ìlú ti sùn. Ṣùgbọ́n nínú ẹkùn mẹ́fà tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè ní Benin, ìyẹn Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè àti Tatonnonkon tiwa, kò sí èyí tí aboyún rẹ̀ ń fi ìrọbí di òwúrọ̀ nítorí pé agbẹ̀bí fẹ́ sùn. Ní Onigbolo, lọ́dọ̀ àwọn ará Pobè tó bá wa pààlà, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ wà níbẹ̀. Iná ìléru tí wọ́n fi ń yan òkúta sìmẹ́ǹtì máa ń gbóná tó nǹkan bí 1450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe iná àdògán tí a lè pa lálẹ́ ká tún dá a láàárọ̀. Àwọn kan gbọ́dọ̀ dúró tì í mọ́jú. Ẹ ka àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ìsọ̀ mọ́ wọn, ẹ ka àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹ ka àwọn tó ń fi alùpùpù gbé epo fàyàwọ́ tí a ń pè ní kpayo wá láti ẹ̀yìn bodè, bí àwọn yẹn tilẹ̀ fẹ́ràn kí a má ka àwọn rárá. Ìbẹ̀rù kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wa: ilé dá lóru. Ìbẹ̀rù yìí ló ń sọ wá di alájá. Ajá àgbà tó mọ iṣẹ́ ṣòro rí, nítorí ẹni tó ní i kò ní fi í sílẹ̀. Ọmọ ajá ni kò wọ́n. Ẹni tí abo ajá rẹ̀ bí mẹ́fà ń wá ẹni tó máa bá òun gbé márùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni a ṣe máa ń gba ohun tí yóò kó oorun wa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo oorun náà. Ní 1993, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Adams àti Johnson, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìṣe ajá lóru. Wọ́n rí i pé ajá máa ń sùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16, á jí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, á tún sùn padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ajá tó ti dàgbà nìyẹn o. Bí àgbà ajá bá jí, á gbé etí sókè, á gbóòórùn afẹ́fẹ́, á tún gbé orí lé ilẹ̀. Ọmọ ajá kò mọ ìyẹn. Bó bá jí, ó fẹ́ mọ ẹni tó tún jí. Ó fẹ́ tọ̀, nítorí àpò ìtọ̀ rẹ̀ kéré. Àwọn tó ń tọ́ ajá máa ń fi wákàtí kan ṣírò oṣù kan, tó fi jẹ́ pé ọmọ oṣù méjì kò lè mú un mọ́ra ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ. Ebi tún ń pa á, nítorí ikùn rẹ̀ kò gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì yẹ kó jẹun lójúmọ́. Oorun rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí owó sẹ́fà ẹlẹ́yọ márùn-ún márùn-ún: bí o bá kó o jọ, ó lè tó owó ńlá, ṣùgbọ́n kò sí oní-zemidjan, ọlọ́kadà wa, tó máa dúró kí o kà á tán. Owó gidi lódindi ni oorun tèmi ń fẹ́, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń bá ni pààrọ̀ ẹlẹ́yọ sí i.

Oorun ọ̀sán náà kò sì lágbára tẹ́lẹ̀. Ní 1938, Nathaniel Kleitman, onímọ̀ oorun ní Yunifásítì Chicago, mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Bruce Richardson wọ ihò ńlá tí wọ́n ń pè ní Mammoth Cave ní Kentucky, níbi tí ìtànṣán oòrùn kì í dé. Ọjọ́ 32 ni wọ́n fi gbé ibẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ara ènìyàn lè gba ọjọ́ oníwákàtí 28. Ara Richardson tó jẹ́ ọ̀dọ́ gbà. Ti Kleitman, tó ti lé ní ẹni 40 ọdún, kọ̀ jálẹ̀. Bí inú ihò tí kò sí àkùkọ, tí kò sí ẹ̀rọ ìlọta, tí kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti béèrè iyọ̀, kò bá lè yí ara àgbàlagbà lérò padà, kí ni mo rò pé yàrá onípáànù ní Tatonnonkon, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ṣe? Ìwọ̀nba oorun tí a bá jàjà rí lọ́sàn-án, tín-ín-rín ni. Ọmọ ajá tó bá sì ké níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti já a.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, nítorí èmi náà ti fi tan ara mi jẹ: ká jẹ́ kí ó ṣeré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á bá wa sùn tipátipá. Ní 1894, onímọ̀ obìnrin kan ará Rọ́ṣíà, Marie de Manacéïne, ṣe ohun kan tí inú mi kò dùn láti sọ: ó fi oorun du ọmọ ajá mẹ́wàá pátápátá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo wọn ti kú, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ dù pẹ́ láyé ju ìyẹn lọ. Oorun ọmọ ajá kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló fi ń dàgbà. Èyí tí a bá fi eré dá lágara kì í sùn, ńṣe ni yóò máa sáré yí yàrá ká, á máa gé ẹsẹ̀ jẹ, á fa bàtà iṣẹ́ ya, a ó sì sọ pé iná ara rẹ̀ kò tíì tán, ẹ jẹ́ kó tún ṣeré sí i. Oògùn oorun tí mo kọ fún un, ìwé oògùn àìsùn ni.

Àwọn àgbà yóò ní: ta ló ń tọ́ ajá ní ilẹ̀ Nàgó? Ajá ń tọ́ ara rẹ̀. Àwọn baba wa kò ra abọ́ fún ajá, wọn kò ka wákàtí rẹ̀, ajá wọn sì mọ oko, ó mọ ilé, ó mọ ọdẹ. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ fojú di í. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbo ilé tí àwọn ajá wọ̀nyẹn ti dàgbà. Ìyá àgbà jókòó sídìí agbada gàrí, ẹnì kan ń pa èkùrọ́, ọmọdé ń wọlé, ọmọdé ń jáde, ẹnì kan ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo tí wọ́n sá. Ojú tó ń wo ajá yẹn kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun ń wo ajá. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ. Agbo ilé ni ẹni tó wà lẹ́yìn ajá baba wa. John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìdàgbàsókè ajá ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1965 pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ àti ohun tí kò yẹ kó máa bẹ̀rù. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi fi ń sùn. Ẹni tó gba yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ajá lálẹ́, tó tún ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́sàn-án, gbólóhùn baba rẹ̀ nìkan ló jogún, kò jogún agbo ilé rẹ̀.

Wọ́n á tún ní ajá ni ọlọ́dẹ, òru sì ni iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Ajá àgbà ni wọ́n ń sọ. Ọmọ oṣù méjì kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ olè. Yóò gbó labalábá, yóò gbó ìgbálẹ̀, bí olè bá sì dé, yóò ju ìrù fún un tayọ̀tayọ̀, nítorí olè ni ẹnì kan ṣoṣo tó wá kí i lóru náà. Bí olè kò bá wá, yóò sunkún. Òṣìṣẹ́ òru kò ní gbọ́, nítorí kò sí nílé. Aládùúgbò tó ní oko láti lọ ní ìdájí ni yóò gbọ́ ọ. Òwúrọ̀ sì ni aládùúgbò máa ń mú ẹjọ́ wá, ní wákàtí tí ẹlẹ́jọ́ ń wá ẹní rẹ̀. Òru ò mẹni ọ̀wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán, òru kì í dúró de ni sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn mìíràn ní ká fi ọmọ ajá lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n dín àwàdà kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú ohun tó tó 99 nínú 100, nínú ẹni 10 tó bá sì kú, nǹkan bí 4 ni kò tíì pé ọdún 15. Nǹkan bí ìgbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni àwọn tó ń fún ajá lábẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo ń sùn, kò sì sí ohun tó rọrùn tó kí n sọ pé ó di ọ̀la. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ọṣẹ àti omi ni ká fi máa fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, ká sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀; epo pupa kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọmọdé náà ni yóò sì fún ajá ní ìyókù ọbẹ̀ nítorí ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wa máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ọmọdé lè bá ọmọ ajá ṣeré níṣojú àgbà. Kò lè jẹ́ àgbà náà.

Ó ku àwọn tó ti wo fídíò òyìnbó, tí wọ́n ní ká ra àgò onírin. Àgò kò burú fún ìwọ̀nba àkókò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru wákàtí 8, kí a fi àlọ àti àbọ̀ lórí ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́ kún un, ju agbára àpò ìtọ̀ ọmọ oṣù méjì lọ. Àpò ìtọ̀ náà kò wo fídíò. Àwọn òyìnbó tó bá ṣe é yanjú máa ń sanwó fún ẹni tó máa wá mú ajá jáde nígbà tí wọn kò bá sí nílé. Ẹni tí ojú rẹ̀ là náà ni wọ́n ń sanwó fún. Àgò nìkan ni wọ́n fi hàn wá.

Ṣé kí òṣìṣẹ́ òru má wá sin ajá ni? Rárá o. Bó bá rí ajá àgbà tí olówó rẹ̀ ń ṣí lọ sí Cotonou, kó gbà á; òun náà máa ń jí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń jí láìjí ẹlòmíì. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ajá ni ọkàn rẹ̀ fà sí, kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó máa wà nílé lọ́sàn-án, tó sábà máa ń jẹ́ ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, kí ajá tó dé. Lẹ́yìn tí ajá bá ti dé, ìròyìn ni, kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Ẹni tó bá gbà pé òun yóò máa wò ó ni olówó ajá. Òun ló máa sọ ibi tí yóò sùn àti ohun tí yóò jẹ, òun náà ni ajá yóò mọ̀ ní olúwa rẹ̀. Ẹni tó gbé e wálé yóò kàn jẹ́ ọkùnrin kan tó ń dé ní ìdájí, tí aṣọ rẹ̀ ń rùn eruku sìmẹ́ǹtì tàbí oògùn ilé ìwòsàn, tó ń fọwọ́ wá ojú kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Kò sí àmì olè kan tí kò pé sára rẹ̀. Bí ajá bá gbó o, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ mú un wá ló ń ṣe yẹn, kó má ṣe lù ú. Kó dúró jẹ́ẹ́, kó pe ìyá rẹ̀ lórúkọ oríkì, kí ìyá wá bá a ṣílẹ̀kùn.