Àwòdì Rí Mi, N Ò Rí Àwòdì

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ onílé kọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Dígí kan ló ń jẹ mí níyà.

Kọnfátà là ń pè é. Kò ju ìkúùkù lọ, àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ni wọ́n ń há a sí. Ẹni tó tà á fún mi ní Èkó ní bí mo bá ti fi kún lẹ́ǹsì mi, ẹyẹ tó wà lókè òkúta Olúmọ á dà bí ẹyẹ tó bà lé mi léjìká. Ọkùnrin náà kò purọ́, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Gbogbo ohun tó sọ ló ṣẹ. Ohun tí kò sọ ló ń pa mí lẹ́kún.

Fọ́tò òde ni mo fi ń jẹun: ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú. Ọjọ́ tí kò bá sí òde, ẹyẹ ni mo máa ń yà. Ẹ má bi mí ta ló ń sanwó rẹ̀. Ẹyẹ kì í ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun tóbi jù nínú fọ́tò, kì í ní kí n bá òun sọ awọ ara òun di pupa, kò sì jẹ mí ní báláǹsì kankan rí.

Lẹ́ǹsì mi ń nà láti mìlímítà 150 dé 600. Bó bá ti nà tán, ojú rẹ̀ kì í là ju 6.3 lọ, ẹni tó mọ kámẹ́rà sì mọ̀ pé bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ojú lẹ́ǹsì ń kéré sí i. Kọnfátà oní 1.4 sọ 600 mi di 840. Ó káre. Ṣùgbọ́n ó gba ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi, 6.3 di 9. Oní 2 tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ń yangàn sọ tirẹ̀ di 1,200, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù fún un. Ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé nítorí àlejò ni: ìkòkò kún lóòótọ́, ẹ wá tọ́ ọ wò.

Ọmọṣẹ́ mi, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, ní kí n yọ dígí náà sọnù, kí n máa gé etí fọ́tò kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá gé e títí ẹyẹ fi tóbi tó ti kọnfátà, mẹ́gápíksẹ́lì 24 tí mo fi owó rà á ku nǹkan bíi 12. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni kí n pàdánù ni, àbí fọ́tò fúnra rẹ̀? Ẹ̀gbá, ẹ bá mi dá a.

Kámẹ́rà mi ti dàgbà, irú èyí tó ní dígí tó ń ta pá nínú ni. Púpọ̀ nínú wọn kì í lè dá ojú ẹyẹ mú mọ́ bí nọ́ńbà bá ti kọjá 8, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ kọjá 5.6. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, lẹ́ǹsì á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á kùn yùn-ùn, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní dígí inú yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó lọ bá dọ́là wọ̀yá ìjà, ẹni tó bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn láti pààrọ̀ kámẹ́rà, kó mú owó dání kó tó jókòó.

Ohun tó ń tù mí nínú ni pé àwọn olówó náà ní ìyà tiwọn. Ẹni tó bá ra lẹ́ǹsì Canon RF 100-500, kọnfátà kì í wọ ibẹ̀ àfi bó bá kọ́kọ́ na lẹ́ǹsì dé 300. Láti 100 dé 300 tó sanwó lé lórí, kó gbàgbé ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kọnfátà bá wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwòdì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lójú ọ̀run wa níbí. Bí òjò bá dé, ó di apá àríwá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà kúkú ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá bò wá. Ká wá ní ọyẹ́ rọlẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, òkúta Olúmọ á gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á máa gòkè. Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni àwòdì ń wá. Á na ìyẹ́ sílẹ̀, kò ní jù ú rárá, afẹ́fẹ́ á máa gbé e lọ sókè. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbọ̀n rìrì lójú lẹ́ǹsì mi. Bí kọnfátà bá ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì náà di ńlá, àwòdì á wá rí bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Ohun tó gbé e ga ló ń ba tèmi jẹ́. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ó mọ̀! Ojú àwòdì mú ju gbogbo ohun tí mo fi owó rà lọ. Èmi ará ilẹ̀ ni n ò rí i.

Lọ́jọ́ kan ọ̀kan fò kọjá lókè òrùlé ọjà. Mo gbé lẹ́ǹsì sókè. Ká tó wí ká tó fọ̀, ìyá aládìrẹ kan ti dìde.

“Ìwọ Fọ́tò! Àwọn Ṣáínà ló rán ẹ, àbí?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹyẹ ni mò ń yà.”

“Ẹyẹ! Orí aṣọ mi ló bà sí?”

Ìbínú wọn kò ṣàìnídìí. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ ayédèrú àdìrẹ jáde ní Ṣáínà, wọ́n sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú síwájú ẹni tó fi ọwọ́ rẹ tirẹ̀ láró. Wàhálà mi ni pé ẹyẹ wà lórí aṣọ náà lóòótọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń rì bọ ẹ̀kọ láti fi ya irú rẹ̀. Ẹyẹ ọ̀hún mú rekete, ó mọ́ ju ẹyẹ èyíkéyìí tí mo ti yà láti ìgbà tí mo ti ra kọnfátà. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ẹyẹ ni mo fẹ́, kí n ra ọ̀pá márùn-ún. Mo rà á. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Àwọn tó ń ka ẹyẹ fún Nigerian Bird Atlas Project ló dá kún ẹ̀dùn mi. Ọdún 2015 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń ka ẹyẹ á lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, á máa tẹ orúkọ ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ sórí fóònù. Wọn kò béèrè fọ́tò! Ọmọbìnrin kan dúró tì mí pẹ̀lú awò kékeré ọrùn rẹ̀. Lẹ́ǹsì mi ń kùn. Ó tẹ ẹ̀gà. Lẹ́ǹsì mi ń padà bọ̀. Ó tẹ alápàńdẹ̀dẹ̀, ó tẹ àdàbà.

“Dádì, ẹ ò gbọ́ ohùn ẹ̀ ni?”

Mo ní n kò ra kọnfátà fún etí.

Ẹ má sì dárúkọ Ìbàdàn fún mi. Àwọn ní ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn, Ibadan malimbe, tí àwọn onímọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1958, tí wọ́n ń rí nínú igbó ilé ìwádìí IITA. Ẹ̀gbá ò ní irú ẹ̀. Ká ní mo tilẹ̀ gbàgbé ìlara tí mo lọ, àárín ewé igi igbó ló ń gbé. Kí ni ojú lẹ́ǹsì 9 fẹ́ rí níbẹ̀?

Mo ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó béèrè Fọ́tò ní Ìtòkú, wọn á júwe mi. Kò sán, kò ní ìdọ̀tí, páálí rẹ̀ wà. Mo gbà kí ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣáà wá lọ́sàn-án, òkúta á ti gbóná. Ẹ má wá nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Ẹ má wá nígbà ọyẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú ni kí ẹ yọjú, n óò ti so adìẹ kan mọ́ ìdí igi dè yín. Adìẹ kò sí nínú owó rẹ̀ o.