Dáyámọ́ńdì Abẹ́ Aṣọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Kóńgósà Douala kì í sùn: bó bá jí ní Akwa láàárọ̀, á ti jẹun ọ̀sán ní Bonamoussadi. Ṣùgbọ́n èyí tó délẹ̀ báyìí, kódà àwọn tí òfófó jẹ́ oúnjẹ fún ń fọwọ́ bo ẹnu sọ ọ́ ni. Àwọn ìyàwó ọlọ́lá ìlú yìí ń ta dáyámọ́ńdì ara wọn. Wọn ò tà á ní ṣọ́ọ̀bù o. Wọn ò gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà tó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ lójú ayé. Inú yàrá ni wọ́n ti ń tà á, lẹ́yìn ìpàdé njangi, nígbà tí a bá ti pín owó àjọ tán tí àwọn yòókù ń jẹ ndolé lọ́wọ́ ní pálọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Fọ́tò á kọ́kọ́ wọlé sórí WhatsApp, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti pòórá. Ọ̀rọ̀ á tẹ̀lé e: “Àǹtí mi, ẹ bá mi wo òrùka yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde o.” Ọ̀rẹ́ mi kan! Látìgbà tí mo ti ń gbé ìlú yìí, n ò tíì pàdé ẹni tó ń ta ti ara rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ ló jẹ gbèsè, ọ̀rẹ́ ni ọkọ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ gbà mọ́ ní èbúté, ọ̀rẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń retí owó ilé-ìwé ní Faransé. Ẹni tó fẹ́ rà á á wá ní ìrọ̀lẹ́, á gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Marché des Fleurs ní Bonapriso bí ẹni tó wá ra òdòdó, á wá fẹsẹ̀ rìn wọ ilé tó ń lọ. Owó inú àpòòwé ni wọ́n ń san, nítorí Orange Money àti MTN máa ń fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, àwọn ọkọ sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ fóònù wò. Kò sí rìsíìtì. Kò sí ìwé òkúta. Kò sí ẹlẹ́rìí.

Àwọn ìyá wa kò ta wúrà báyìí. Wúrà ni báńkì wọn, wọn kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé báńkì ni. Bí ọjà bá kú tàbí tí owó ilé-ìwé bá dé, ìyá á bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, á gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ní ọ̀sán gangan. Wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á dúnàá-dúrà títí ohùn wọn á fi dé òdìkejì títì, ẹni tó ń kọjá lọ á tún dá sí i. Bí ọjà bá sì jí, ìyá á ra òmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n sọ sẹ́fà di ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí fránkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100, ẹni tó ní wúrà nínú àpótí ló rí nǹkan dìmú. N ò gbọ́ ọ rí pé ìkankan nínú wọn sọ pé ti ọ̀rẹ́ òun ni.

Àmọ́ wúrà ní òṣùwọ̀n; ẹnu ni òṣùwọ̀n dáyámọ́ńdì. Ibi tí ìtìjú ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Káràtì kan kò ju ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù lọ, òkúta méjì tó sì wọ̀n bákan náà lè jìnnà síra lówó nítorí àwọ̀, nítorí àbàwọ́n inú wọn, nítorí bí wọ́n ṣe gé wọn. Màdáámú tó ra òrùka ní Paris ti san owó orí 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba Faransé (àyàfi tó bá rántí gbà á padà ní pápákọ̀ òfurufú), ó ti bá ṣọ́ọ̀bù san owó ilé ní Place Vendôme, ó sì ti san èrè fún gbogbo ọwọ́ tí òkúta náà gbà kọjá. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, kò sí ẹni tí yóò dá ìkankan nínú ìwọ̀nyí padà fún un. Àwọn oníṣòwò kì í sábà fúnni tó ìdajì owó tí a fi rà á. Nítorí náà, bí alágbẹ̀dẹ Akwa bá dárúkọ iye tóun lè san, màdáámú á rò pé èébú ni. Á kó òrùka rẹ̀ padà sínú báàgì, á ní òun á wá ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Ẹni tó mọ iyì rẹ̀ yẹn, ìwọ àti èmi ni o, nínú yàrá.

Ní ọdún 1947, obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Gerety ló kọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ dáyámọ́ńdì De Beers pé títí láé ni dáyámọ́ńdì wà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò sì lọ́kọ títí ó fi kú, àmọ́ ìyẹn kò kàn mí. Ọgbọ́n ńlá ni gbólóhùn rẹ̀: òrùka tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á títí láé kò ní padà sọ́jà wá bá tuntun du oníbàárà. Àwọn obìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìdí tí wọ́n fi ní ká máa tọ́jú rẹ̀ ni.

Mo ṣàánú wọn o. Kò sí ẹni tí àìní kò lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀, títa ohun ẹni kì í sì í ṣe èèwọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni bíbò tí wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ gbàgbé ìlú tí a wà ni? Douala ni àwọn oníjìbìtì tí wọ́n ń pè ní feyman ti gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1990. Donatien Koagne tí wọ́n ń pè ní ọba wọn fi ẹ̀tàn pé òun lè sọ owó di púpọ̀ lu àwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ Áfríkà ní jìbìtì, kó tó bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n ní Yemen. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ju ọjà tí olùrà ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ̀rọ̀ lọ. Òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní moissanite, tó ń kọ mànà ju dáyámọ́ńdì lọ. Ẹ̀rọ kékeré bíi bírò tí wọ́n fi ń yẹ òkúta wò, ooru ló ń wọ̀n, ó sì máa ń ké fún moissanite bí ẹni pé ojúlówó ni. Èyí tí wọ́n ṣe nínú ilé-iṣẹ́ tún wà. Dáyámọ́ńdì gidi nìyẹn, kò sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀, De Beers fúnra wọn sì tà á ní 800 dọ́là fún káràtì kan ní ọdún 2018. Ó ti já wálẹ̀ sí i látìgbà náà. Bí o bá sanwó èyí tí wọ́n wà nílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ, àgọ́ ọlọ́pàá wo lo fẹ́ lọ? Wọn á ní ta ló tà á fún ọ, o ó ní ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni. Òkúta tó níwèé ẹ̀rí GIA lè ní nọ́ńbà ìwé náà lára, tí wọ́n fi iná lésà kọ sí etí rẹ̀. Ta ló mú awò wá sínú yàrá?

Bí òkúta bá tún wá jẹ́ ti gidi, ẹ bi í léèrè ibi tó ti wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2013 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ Séléka gba Bangui. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, ètò Kimberley, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dènà dáyámọ́ńdì ogun, ti dá òkúta orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfríkà dúró, kí ẹnikẹ́ni má bàa rà á lóde. Ṣé òkúta wá jókòó sílé? Ó gba ẹnubodè Kenzou wọ Kamẹrúùnù lọ́dọ̀ wa níbí, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ètò Kimberley ní 2012. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta tútù nìkan ni ìwé Kimberley wà fún. Bí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n dán an, tí wọ́n fi wúrà dè é, kò sí ẹni tó ń béèrè bàbá rẹ̀ mọ́. Ẹni tó sì gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Elizabeth Taylor, òṣèré sinimá. Ọkọ rẹ̀, Richard Burton, ra òkúta tó lé ní 69 káràtì fún un ní ọdún 1969. Nígbà tí ìgbéyàwó tú, obìnrin náà gbé e sọ́jà ní gbangba ní 1978, ó ní òun fẹ́ fi lára owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìwòsàn ní Botswana. Ẹni tó ṣègbéyàwó lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ lè sọ ohun tó bá wù yín sí i. Ṣùgbọ́n kò ní ti ọ̀rẹ́ òun ni.

Ẹ wá wo ẹni tó bò ó. Bokassa tó fi ara rẹ̀ jọba ní Bangui ní oṣù kejìlá 1977 fún Giscard d’Estaing ní dáyámọ́ńdì nígbà tí ìyẹn ṣì jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná Faransé. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ní oṣù kẹwàá 1979, Bokassa ò tíì pẹ́ kúrò lórí oyè, ìwé ìròyìn Le Canard enchaîné sì gbé e jáde. Giscard ti di ààrẹ nígbà náà. Ó fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ọ̀rọ̀ náà, kò fèsì tààrà, títí ó fi di ọdún 1981 kó tó ṣàlàyé pé wọ́n ti ta àwọn òkúta náà, owó rẹ̀ sì ti lọ fún àwọn aláàánú. Wọ́n ti tà á! Bó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kìíní ló ti sọ ọ́ síta, ta ni yóò tún rí ẹnu sọ? Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, Mitterrand lé e kúrò lórí àga. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn mìíràn pọ̀ nínú ìdìbò náà, ẹ má bá mi jà, ṣùgbọ́n orúkọ dáyámọ́ńdì yẹn kò kúrò lára ọkùnrin náà títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Mo ti ń bọ̀ lórí èyí tó gbé mi dìde.

Obìnrin kan wà ní Bali, àdúgbò Bali ti Douala níbí o. N ò ní dárúkọ. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ra òrùka dáyámọ́ńdì fún un nígbà tí wọ́n ṣe ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wọn, wọ́n sì kọ déètì ìgbéyàwó sínú rẹ̀. Nígbà tí owó há, ó fi òrùka náà fún alágbàtà kan nínú àwọn obìnrin wa, ìyẹn sì bá a tà á. Títí débẹ̀, n ò ní ẹjọ́ kan láti rò. Ṣùgbọ́n ọkọ béèrè òrùka. Ṣé ẹ mọ ohun tó ní? Ó ní wọ́n jí i. Wọ́n ní ta ló jí i. Ó na ìka sí ọmọ tó ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé, ọmọdébìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé, tí kò mọ ìyàtọ̀ dáyámọ́ńdì sí ìgò. Ọmọ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì Ghana-must-go, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀sì, wọn ò sì san owó oṣù méjì tó wà nílẹ̀.

Ó kù o. Òrùka náà rìn. Alágbàtà tà á fún ọkùnrin kan tó ní òun ń wá ẹ̀bùn fún ẹnì kan, kí òun má sì rí i lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan yẹn, àlè ni; àwọn ará ibí ń pè é ní deuxième bureau. Ọkùnrin yẹn, ọkọ ará Bali ni! Bàbá náà fi owó ra òrùka kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ̀ ọ́n, nítorí ọkùnrin wo ló ń wo òrùka ìyàwó rẹ̀ dáadáa? Ìka ọmọge kéré, ó gbé òrùka lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kí wọ́n bá òun dín in kù. Alágbẹ̀dẹ yí i padà, ó rí déètì tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ síbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìyàwó rẹ̀ ń bá wa dá njangi.

Gbogbo àwọn obìnrin ló ti gbọ́ báyìí, ẹ̀rín ọkọ ni wọ́n sì ń rín. Wọ́n ń díwọ̀n iye tó san lẹ́ẹ̀kíní àti iye tó san lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè pé ọmọ yẹn ńkọ́, ẹnì kan ní ọmọ wo?

Ilé màdáámú náà ni ìpàdé kàn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó ti ní òun á se ndolé, òun á fi edé sí i dáadáa. Màá lọ. Bí mo bá jẹun tán, tí wọ́n bá tú àpò àjọ sílẹ̀ lórí tábìlì, màá bi í lójú gbogbo wọn pé owó oṣù méjì ọmọ náà, ṣé nínú èyí ni a ó ti yọ ọ́ ni, àbí nínú owó òrùka?